Ẹlẹ́gùn-ún Tí A Fi Kànrìnkàn Wẹ̀

Kí Bàbá àgbà mi tó fojú wo nǹkan, imú ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé sí i. Ìwé, aṣọ, ẹja, ọmọ tuntun, kò sí èyí tí wọn kì í gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí mo mú ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wá kí wọn nílé wọn ní New Bell, ní Douala, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé e dìde, wọ́n sì fa èémí sínú lẹ́bàá ọrùn rẹ̀. Ojú tì mí débi pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì ló kù. Nígbà tó lọ tán, mo béèrè ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀. Wọ́n ní, "Kò fi lọ́fínńdà bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Fẹ́ ẹ."

Mo fẹ́ ẹ, a sì ń gbé ní àdúgbò Makepe di òní, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá ti lọ. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí a sin wọ́n. Lọ́jọ́ Fídáù, ẹni mẹ́fà ló dìde sọ̀rọ̀, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn sọ: ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, wọ́n fẹ́ràn àdúrà, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, mo pa ẹnu mi mọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ bí ti báwo? Bàbá tó bá Àlùfáà jà, tó bá ìyàwó wọn jà nítorí fáànù, tó ń bá èmi jà lójoojúmọ́ nítorí Faransé? Tí ẹnìkan bá ti kú, a máa ń fọ ìwà rẹ̀ títí a kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Bàbá kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Iṣẹ́ wọn nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín: Bàbá ń díye lé ọmọláńgidi rọ́bà àtijọ́ tó wá láti Japan. Akọni kan wà tí àwọn ọmọ Japan máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà kan. Ó dé akoto pupa, ó sì di àmùrè. Ọ̀tá rẹ̀ jẹ́ ẹranko abàmì tó ga ju ilé lọ, tí ẹ̀gún fàdákà tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù. Wọ́n fi rọ́bà ṣe àwọn méjèèjì fún àwọn ọmọdé, wọn kò sì ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ahọ́n Bàbá kò gbé e, ni wọ́n bá sọ akọni ní Balógun, wọ́n sọ ẹranko ní Ẹlẹ́gùn-ún. Kò pẹ́, àwọn tó ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Douala náà ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bàbá fúnra wọn, Pàpá Japon ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kò dé Japan rí. Láti Ọ̀fà ni wọ́n ti wá sí Douala, ibẹ̀ náà ni wọ́n dúró sí.

Ṣọ́ọ̀bù wọn wà láàárín wẹ́dà kan àti télọ̀ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Bùọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí Bàbá tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn, ní àwọn fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹnìkan tó ń ta fóònù. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n fún mi, kí n máa ṣe iṣẹ́ Bàbá lọ ní ọjọ́ tí mi ò bá lọ sí ilé ìwé. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Rúkà, ta ni yóò gbé ọjà wá kí ìwọ bá a gbóòórùn rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Mo máa sọ bó ṣe parí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi Bàbá hàn yín.

Ẹ́ńjìnì àlòkù ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Àwọn tó ń kó ẹ́ńjìnì wá láti Japan kì í fi àyè ṣòfò nínú kọ̀ntéínà. Gbogbo ihò tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á fi ẹrù ilé tí àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ mọ́ dí i: ṣíbí, agboòrùn, bàtà, àti ohun ìṣeré ọmọdé. Bàbá á mú ẹ́ńjìnì, wọ́n á fi ohun ìṣeré ta àwọn ọmọ àdúgbò lọ́rẹ. Ìyá mi fi Balógun kan ṣeré dàgbà, wọ́n sì já orí rẹ̀ sọnù sínú gọ́tà. Nígbà tí Bàbá wá mọ ohun tí orí yẹn jẹ́, wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ní irọ́ ni, pé inú ló ń run wọ́n.

Ẹni tó là wọ́n lójú ni ará Japan kan tó wá ń to ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Bassa. Ó wá ra ẹ́ńjìnì, ó rí Ẹlẹ́gùn-ún kan lórí pákó, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá. Owó tó nà jáde fún Ẹlẹ́gùn-ún ju ti ẹ́ńjìnì lọ. Ẹlòmíràn ì bá gbà á kíá, kó sì máa dúpẹ́. Bàbá fa ọjà wọn sẹ́yìn, wọ́n ní kó jókòó, kó fi ohun tó rí han àwọn ná. Fún oṣù mélòó kan, ní ọ̀sán Sátidé, ọkùnrin yẹn á wá jókòó sórí àpótí, á máa tọ́ka, Bàbá á máa gbóòórùn. Kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá kò gbọ́ èdè Japan, Faransé àwọn méjèèjì nígbà yẹn kò sì ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Mo béèrè bí wọ́n ṣe gbọ́ra wọn yé. Bàbá ní, "Nǹkan náà ló ń sọ̀rọ̀, àwa kàn ń gbọ́ ni."

Bí Bàbá ṣe ń díye lé ọjà rèé. Imú ló ń ṣáájú, nítorí rọ́bà àtijọ́ ń rùn bí àpò ilé ìwé tó ti gbó, ti ìsinsìnyí ń rùn bí epo mọ́tò. Lẹ́yìn imú, àtàǹpàkò: wọ́n á tẹ ikùn rẹ̀ wò. Bó bá rọ̀, tó sì rọra padà, ó dára. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ooru ti bà á jẹ́. Wọ́n á yí orí rẹ̀, bóyá orí àti ọrùn jọ wá láti ilé kan náà. Wọ́n á wo àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí àwọn tó ṣe é tẹ àmì wọn sí. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á fi awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú wo ọ̀dà rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Ọ̀dà àtijọ́ fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá tún un kùn, ọwọ́ rẹ̀ máa ń wúwo, ọ̀dà á sì kó jọ sí kọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá parí, wọn kì í sọ iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ kà fún ẹni tó ni ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn máa ń bínú, Bàbá kì í sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á ní, "Ẹni tó mọ àbùkù ọjà rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ."

Àwọn náà máa ń ṣì í o. Ọ̀gá ilé ìwé kan wà ní Makepe tí Bàbá ti sọ fún pé Balógun rẹ̀ pé, pé kò lábàwọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, irú Balógun bẹ́ẹ̀ mìíràn gba ọwọ́ Bàbá kọjá, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ òsì ti ọ̀gá yẹn kì í ṣe tirẹ̀ láti ilẹ̀, ti ọmọláńgidi mìíràn ni wọ́n yọ kì bọ̀ ọ́. Ọ̀gá náà kò mọ̀, kò sì béèrè. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Bàbá gbé mi sáàárín àwọn àti ẹni tó ń wa bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà tiwa níbí, a sì gba inú òjò Douala lọ dé Makepe kí n lè bá wọn túmọ̀, nítorí Faransé tiwọn kò kọjá ti ìdúnàádúrà. Mo rò pé wọ́n máa rọra yí ọ̀rọ̀ náà ká. Wọn kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi ní kí n sọ fún ọkùnrin náà pé, "Ojú mi ló ṣì mí. Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà."

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìjà, ẹ̀yin tí ẹ ní wọn kì í jà. Àlùfáà kan wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó rí Balógun àti Ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n tò sórí pákó, ó ní òrìṣà ni Bàbá ń tà. Bàbá, tí ìrun Àsùbáà kì í fò wọ́n, gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń rìn lọ kírun ní mọ́sáláṣí tó jìnnà. Ìgbà tó sú wọn, wọ́n mú Balógun kan tí kò níye lórí, wọ́n gbé e lọ bá Àlùfáà nílé, wọ́n sì fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Ọmọ náà ki orí Balógun bọ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Bàbá ní, "Àlùfáà, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bọ òrìṣà nìyẹn?"

Ti Ìyá àgbà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ìlú yìí kì í ṣe eré, yàrá kan ṣoṣo ló sì ní fáànù tó dára. Ibẹ̀ ni Bàbá kó àwọn ọmọláńgidi sí kí rọ́bà wọn má baà máa lẹ̀. Ìyá àgbà ká ẹní, wọ́n lọ sí pálọ̀, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ọkọ àwọn ti gbé ìyàwó onírọ́bà wálé. Bàbá náà fárígá, wọn kò bẹ̀bẹ̀. Oṣù kan kọjá kí wọ́n tó lọ ra fáànù kejì, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní pálọ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìyá àgbà ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún nu ojú: "Orogún mi kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, síbẹ̀ òun ló sùn sábẹ́ fáànù."

Ní tèmi, Faransé ni ìjà wa. Ilé ìwé Faransé ni mo lọ, òun ló sì yá mi lẹ́nu. Bàbá ń fi Faransé ọjà àti Píjìn dúnàádúrà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá fi sọ pé ebi ń pa mí, etí wọn á di. Ìgbà kan, mo dúró níwájú wọn títí ọbẹ̀ fi tutù, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe fọ́ọ̀kì ní Yorùbá. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń jẹun tiwọn. Mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́ níkẹyìn. Bí mo ṣe ń fi Yorùbá kọ èyí lónìí, Bàbá ló jàre. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Èdè tí o bá fi ń tọrọ oúnjẹ kì í sọnù."

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ kan síwájú láti àárọ̀. Ó tó kí n sọ ọ́.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní New Bell, ẹni tó mọ nǹkan kì í gbé àlòkù síta láìfọ̀ ọ́. Bàtà ni, ìkòkò ni, redíò ni, ẹ ó kọ́kọ́ nù ún kó dán. Ẹni tó bá gbé ìdọ̀tí lé oníbàárà lọ́wọ́, ọ̀lẹ ni, kò sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá àgbà ṣe kọ́ wa. Lóòótọ́, Bàbá ti ní kí n má fọwọ́ kan ọjà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé nítorí kí n má baà já orí nǹkan sọnù bíi ti ìyá mi ni.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, Màdáàmù Ṣọ̀láńjì ń bọ̀. Wọ́n ní ilé oògùn ní Bonapriso, wọ́n sì ti ń wá Balógun àti Ẹlẹ́gùn-ún papọ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n rà kì í ra akọni láìra ọ̀tá rẹ̀. Balógun tó pé ti wà nílẹ̀. Ẹlẹ́gùn-ún náà wá dé, fàdákà sì wà lórí gbogbo ẹ̀gún rẹ̀ láìku ọ̀kan. Bàbá kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n eruku ti sọ gbogbo ara rẹ̀ di dúdú. Bàbá lọ kírun Àsàrí. Mo wo Ẹlẹ́gùn-ún, mo ro ti Màdáàmù tó máa ń wọ funfun, ojú sì gbà mí tì fún Bàbá.

Mo pọn omi sínú bàsíà, mo bu ọṣẹ dúdú, mo mú kànrìnkàn. Mo wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ìkókó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fún lágbára jù, ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde, inú mi dùn, mo tún bu ọṣẹ sí i. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fi fasilíìnì pa á lára, mo sì gbé e sórí aṣọ mímọ́ kí Bàbá lè bá a níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbóòórùn ọṣẹ. Wọ́n dúró. Wọ́n wo Ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n wo bàsíà, wọ́n sì jókòó sórí àpótí tí ará Japan ìjọ́sí máa ń jókòó lé. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti bá wọn wẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé ojú wọn ti yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n dìde, wọ́n gbé bàsíà náà fúnra wọn, wọ́n da omi fàdákà yẹn sí gọ́tà. Wọ́n padà wọlé, wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "O ṣeun, Àjíkẹ́."

Kò pẹ́ tí Màdáàmù fi dé. Mo gbé omi fún wọn lórí ìkúnlẹ̀, mo sì sá bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọn kò tíì mu omi náà tán tí Bàbá fi sọ fún wọn pé fàdákà Ẹlẹ́gùn-ún ti lọ, pé a ti wẹ̀ ẹ́. Màdáàmù gbé ife kalẹ̀. Wọ́n béèrè pé òmùgọ̀ wo ló dán irú èyí wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo di kọ́tìnnì mú, mo ń retí kí Bàbá pe orúkọ mi. Bàbá ní, "Èmi ni."

Irọ́ ni. Bàbá tó gba inú òjò lọ sí Makepe nítorí ọwọ́ òsì ọmọláńgidi, àwọn ló jókòó níbẹ̀ tí wọ́n purọ́ lójú mi. Màdáàmù fi ìbínú lọ, wọn kò ra Balógun, wọn kò ra Ẹlẹ́gùn-ún. Mo bú sẹ́kún. Bàbá ní kí n máa bọ̀, mo sì ti ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí ìgbátí. Ọmọláńgidi mìíràn ni wọ́n gbé sábẹ́ imú mi. Wọ́n ní, "Gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Mo ní kí o má fọwọ́ kàn án, mi ò kọ́ ọ ní ìdí."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n kọ́ mi. Gbogbo Ọjọ́rú, gbogbo Sátidé, imú, àtàǹpàkò, ọrùn, àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀dà. Ẹlẹ́gùn-ún sì wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Balógun, ẹ̀yìn rẹ̀ pá. Ayàwòrán kan ládùúgbò ní òun lè kùn ún tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde. Ẹni tó bá béèrè ẹni tó wẹ̀ ẹ́, wọ́n á dáhùn bí wọ́n ṣe dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màdáàmù padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n sì di oníbàárà títí ayé, ṣùgbọ́n Bàbá kò rí Ẹlẹ́gùn-ún tó pé mìíràn fún wọn mọ́. Nígbà tí mo pé ogún ọdún, mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún àwọn ènìyàn. Wọ́n ní, "Ìgbà tí kò bá bà ọ́ lẹ́rù mọ́, wàá sọ ọ́. Má jẹ́ kí n ti ọ́."

Mi ò sọ ọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa gbé e fún mi títí wọ́n fi kú, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bùọ̀dá Múfú kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Yaoundé ni wọ́n ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò mọ ìtàn Ẹlẹ́gùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, wọ́n rí orúkọ Màdáàmù nínú ìwé Bàbá, wọ́n pè wọ́n, Màdáàmù sì ní tí àwọn bá lè rí méjèèjì ní pípé, àwọn ṣì fẹ́. Ni Bùọ̀dá bá lọ wá ayàwòrán ìjọ́sí kó wá kùn ún. Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìn Ẹlẹ́gùn-ún ti ń dán wọ̀ọ̀. Wọ́n ní bí Màdáàmù bá rà á lónìí, àwọn á gbà pé iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn á sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Bí wọn kò bá rà á, ẹni tó ń ta fóònù yóò kó wọlé. Ohun tí àwọn fẹ́ lọ́wọ́ mi kò pọ̀, kí èmi ọmọ-ọmọ Pàpá Japon ṣáà sọ pé ó pé.

Màdáàmù ti dàgbà. Ọ̀pá ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n gbé Ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n béèrè bóyá èyí tí àwọn mọ̀ ni. Bùọ̀dá sáré dáhùn pé rárá, òmíràn ni, Bàbá ló fi pamọ́ sínú àpótí. Màdáàmù ní ojú àwọn kò rí nǹkan kéékèèké mọ́. Wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní imú Bàbá ló wà lójú mi, kí ni mo sọ sí i?

Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí géètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mi ò ní tàn yín, mo wo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bùọ̀dá, ó sì wù mí kí n dákẹ́. Mo ro ìgbà tí wọn yóò yọ pákó Bàbá, tí wọn yóò gbé fóònù kọ́ síbẹ̀. Mo dá Ẹlẹ́gùn-ún padà sọ́wọ́ Màdáàmù. Mo ní, "Màdáàmù, èyí tí ẹ mọ̀ náà ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kùn ún."

Bùọ̀dá Múfú mí kanlẹ̀. Màdáàmù gbé Ẹlẹ́gùn-ún kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Èyí tí bàbá àgbà rẹ wẹ̀ yẹn."

Mo lè fi mọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti gbé e fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì wá ṣe mí bí ẹni pé Bàbá ṣì ń rù ú nínú ibojì. Mo ní, "Bàbá kọ́ ló wẹ̀ ẹ́. Èmi ni."

Màdáàmù rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìwọ lo gbé omi fún mi lọ́jọ́ náà. Fàdákà kún gbogbo ìka rẹ."

Mo sunkún, mi ò ní tijú sọ ọ́. Màdáàmù ní ìbínú ni àwọn fi lọ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn délé, àwọn rò ó pé ọkùnrin tó tú àbùkù ọjà rẹ̀ síta kí wọ́n tó bi í, tó sì tún gba ẹ̀bi ọmọdé sórí ara rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn fẹ́ kó máa bá àwọn wo ọjà. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi padà wá. Wọn kò ra Ẹlẹ́gùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ní páálí méjì ọmọláńgidi nílé tí àwọn ọmọ àwọn kò mọ ohun tó jẹ́, pé àwọn á fi ránṣẹ́ ní Sátidé kí n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí n sì ka àbùkù rẹ̀ fún àwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bùọ̀dá Múfú jókòó sórí àpótí, wọ́n ń họ orí. Wọ́n ní èmi àti Bàbá, a ò ní jẹ́ kí ènìyàn rí nǹkan tà nílé yìí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n ní àwọn fún mi títí òjò yóò fi dá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òjò Douala, ẹ mọ̀ pé kì í tètè dá.

Mo ti parí páálí méjì Màdáàmù. Ọ̀rẹ́ wọn kan ti gbé ẹ̀kẹta wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi òwú àti òróró díẹ̀ yọ ọ̀dà tuntun lẹ́yìn Ẹlẹ́gùn-ún, ẹ̀gún kan lẹ́yìn ẹ̀gún kan, títí ó fi padà pá bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀. Ó wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Balógun. Lánàá, oníbàárà kan tí mi ò mọ̀ rí wọlé, ó gbé e, ó ní kí n wo bó ṣe dára tó, òmùgọ̀ wo ló wá ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ báyìí?

Mo fún un ní àpótí kó jókòó. Mo ní, "A ti wẹ̀ ẹ́. Èmi ni."